Ìwé Tí A Kà fún Ìyá Sùnmọ́nù ní Ọ̀sán Gangan

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú àìrí ara ẹni, ẹ sì kú ojú tí ẹ fi ń wo ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ẹdẹ níbí, àyà mi kanlẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò sí nítòsí láti rí i. Mo kí Bàbá Bọ̀dé, àbúrò bàbá mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ àti ọkọ rẹ̀. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, àtọmọdé àtàgbà. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti fún yín ní ìsinmi? Ṣé ewúrẹ́ yẹn ti bí, àbí ó ṣì ń fi ikùn ńlá yọ yín lẹ́nu?

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà dé ọ̀dọ̀ yín, tí gbogbo ayé sì ń bá yín gbọ́ ọ. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá Bọ̀dé ló máa ń ka lẹ́tà mi fún yín, mo sì ti gbọ́ lẹ́nu Dúpẹ́ pé tí wọ́n bá dé ibi tí kò wù wọ́n, wọ́n á wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á fo ibẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ibi tí mo ti ń kí èèyàn. Lẹ́tà tí mo kọ nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìkíni nìkan ni ẹ gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi o, Bàbá Bọ̀dé. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ọkàn ìyá mi dàrú ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fo ibì kan nínú èyí, ẹlòmíràn ládùúgbò á kà á fún wọn.

Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì wà ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó tó ń ra èkùrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn ọkọ̀ ojú irin, èmi sì ni mò ń dúró ti òṣùwọ̀n. Láti àárọ̀ kùtù ni àwọn àgbẹ̀ ti ń ru èkùrọ́ dé láti Awo, láti Alájùé, láti àwọn oko tí n ò tíì mọ orúkọ wọn. Gbogbo wọn ló gbà pé òṣùwọ̀n ń purọ́. Gbogbo wọn ló tún gbà pé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní irọ́, nítorí náà a jọ ń ṣeré dáadáa. Tí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní ọmọ Ẹ̀gbá ti tún dé, wọ́n á ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí àwọn lè rẹ́rìn-ín. Mo sì máa ń tún un sọ fún wọn. Àṣé ẹnu tí ẹ bí mọ́ mi wúlò fún nǹkan.

Ọyẹ́ ọdún yìí le ju tèṣí lọ. Ètè mi là, ẹsẹ̀ mi sì funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú èlùbọ́. Láàárọ̀, èèyàn ò lè rí ọkọ̀ ojú irin títí á fi dé iwájú rẹ̀, ariwo rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ nínú kùrukùru. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ń fi ìka kan ṣoṣo bù ú báyìí.

Ohun tó ṣòro fún mi jù nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí ni ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Níbí, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo jẹun tán, ó tán nìyẹn. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo adìyẹ onílé mi. Mo mọ gbogbo wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bá ara mi níbi tí mo ti ń bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wá nǹkan ṣe.

Bí mo ṣe wà nínú ìyẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sílé ìwé, tó wà ní Èkó báyìí, fi ìwé ìtàn kan rán òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin sí mi. Wọ́n kọ ọ́ ní èdè wa, wọ́n ní tàwọn ọmọdé ni. Orúkọ rẹ̀ ni Odò Tó Kó Kúrò Nílé. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, Mojí lorúkọ rẹ̀. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò rẹ̀ lọ sódò, kò bá odò nílé. Odò ti kó lọ. Ó kó omi, ó kó ẹja, ó kó òkúta tí àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ, ó fi ipa ọ̀nà tó gbà sílẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà ń ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ìpàdé ò sì tán, ni Mojí bá gbé ìkòkò rẹ̀ lérí, ó tọ ipa odò lọ láti bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Lékèélékèé kan tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó sì ní ẹnu bíi mẹ́wàá ló bá a lọ.

Nígbà tí mo ń kà á lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín pa mí. Sùnmọ́nù gbọ́ ọ. Ẹ rántí Sùnmọ́nù tí mo sọ fún yín, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ télọ̀, tí àtíbàbà rẹ̀ wà lódìkejì ilé tí mò ń gbé. Ó mọ ìwé kéú dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ irú ìwé tiwa yìí. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, ó ní kí n wá sọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín fún òun náà, nítorí òun ò ní jẹ́ kí èmi nìkan gbádùn. Mo bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, mo kà á sókè. Kó tó di pé mo ṣí ojú ewé kejì, Bàbá Ràjí, onílé mi, ti gbé àga wọn dé. Kó tó di pé mo ṣí ẹ̀kẹta, Ìyá Ṣàngóbùnmi ti dé pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó. Agbo ilé tó kángun sí tiwa ni Ìyá Ṣàngóbùnmi wà, olórìṣà Ṣàngó ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn sì ni gbogbo ọmọ àdúgbò máa ń sá lọ gbọ́ àlọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A sọ ara wa ní Ẹgbẹ́ Òǹkàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń kàwé. Àwọn yòókù ń jà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ò rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Ràjí, tí wọ́n ń ṣòwò obì, tí wọn kì í fi ìrun wọn ṣeré rárá, ní àwọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ ẹni tó fún ọmọdébìnrin láyè láti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìsí ẹbí kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní lékèélékèé bá a lọ. Wọ́n bi mí pé ṣé lékèélékèé wá ti di ẹbí báyìí. Sùnmọ́nù ní ti òun ò ju aṣọ lọ. Mojí gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún kọjá, ìwé ò sì sọ pé ìró rẹ̀ ya. Ó ní irú aṣọ wo nìyẹn, ta ló hun ún, níbo ni wọ́n ti ń tà á? Ìyá Ṣàngóbùnmi ní àwọn méjèèjì ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní odò kì í dédé kó lọ. Wọ́n ní tí Ọ̀ṣun tó wà lẹ́yìn ilé wa níbí bá fẹ́ lọ, á ti bínú fún ìgbà pípẹ́, á ti ránṣẹ́ sí èèyàn, nítorí náà ẹnì kan wà ní ìlú Mojí tó mọ ohun tó ṣe, ó kàn ń dákẹ́ ni. Wọ́n sì tún bi mí pé kí ló dé tí ìtàn ò lórin. Mo ní ìwé ni, ìwé ò nílò orin. Wọ́n ṣe ṣìọ̀ sí mi. Wọ́n dá orin sílẹ̀ níbẹ̀, pé kí odò padà, ìkòkò wa ti gbẹ. Láti ọjọ́ náà, tí Mojí bá ti kó sínú wàhálà, gbogbo wa la ó kọ orin náà kí n tó lè ṣí ewé tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ dàrú. Èrò ti pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ náà, ariwo sì pọ̀, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dákẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ ni, mo bá fi eré pariwo pé, Ààlọ́ o! Ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó lè gbọ́ ìyẹn kó má dáhùn. Gbogbo wọn ní, Ààlọ̀! Wọ́n sì dákẹ́ kẹ́kẹ́ lóòótọ́. Ìyá Ṣàngóbùnmi nìkan ni kò dáhùn. Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbójú sókè wo oòrùn, tó wà láàárín orí gan-an, wọ́n wá bi mí pé kí ni mo ṣe yìí.

Wọ́n ní títí di ìṣẹ́jú yẹn, ìwé ni à ń kà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ṣùgbọ́n èmi ti fi ẹnu ara mi pè é ní àlọ́, àwọn èèyàn sì ti gbà á ní àlọ́, ó ti di àlọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, pé ìyá rẹ̀ ni á fi san án. Ìyá Ṣàngóbùnmi wá ń wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Tiwọn ti kú, ti Bàbá Ràjí ti kú tipẹ́. Ó wá ku èmi àti Sùnmọ́nù. Bàbá Ràjí ní mùsùlùmí ni àwọn, Ọlọ́run nìkan ló ń pani, ọ̀rọ̀ asán ni gbogbo èyí. Nígbà tó yá, wọ́n rọra bi mí pé ẹ ti tó ẹni ọdún mélòó.

Èmi àti Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá ìwé mi lọ. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Sùnmọ́nù láti Alájùé pé ìyá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí tó yè. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé, ó fi ẹní bo àtíbàbà, ó lọ. Nígbà tó padà wá mú aṣọ àti iyọ̀, ó kọjá níwájú mi, ó kí mi bí èèyàn ṣe ń kí akọ̀wé tí kò mọ̀ rí. Ó ní kí Bàbá Ràjí sọ fún mi pé òun ò ní èmi ni mo fa nǹkan kan o, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ gbọ́ ìwé náà mọ́ láyé òun, kí n má sì kà á níbi tí òun bá wà. Ó dùn mí gan-an. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí jókòó nílùú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Onígbàgbọ́ ni mí, ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ ṣèrìbọmi, mo sì mọ ohun tí pásítọ̀ á sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, mo rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ń yọ yín lẹ́nu lọ́sàn-án pé kí ẹ pàlọ́ fún mi, ẹ máa ń ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ná. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti gbọ́ ìròyìn yín kẹ́yìn nígbà náà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè láti ọ̀nà Ìbàdàn, màá fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, màá sáré lọ wò ó bóyá ẹnì kan ní ìròyìn ilé lọ́wọ́. Ọ̀gá mi rò pé mò ń retí ìyàwó ni. Nígbà tí lẹ́tà Bàbá Bọ̀dé dé nígbẹ̀yìn, tí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ bá aládùúgbò jà nítorí ewúrẹ́, pé ẹ sì borí, mo jókòó sórí àpò èkùrọ́, mo sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n ti Sùnmọ́nù kò tíì yanjú. Bàbá Ràjí ní kò dáa bí a ṣe jókòó, kí a lọ kí ìyá ọmọ náà. A gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé ìtajà. Èmi fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ nílé, Ìyá Ṣàngóbùnmi ló ní kí n mú un dání. Wọ́n ní èyí tí a bẹ̀rẹ̀ tí a ò parí, òun ló ń ba àwọn lẹ́rù jù.

Ìyá Sùnmọ́nù wà lórí ẹní nígbà tí a dé Alájùé. Èèyàn kékeré ni wọ́n, ikọ́ àti ibà sì ti jọ mú wọn kéré sí i, ojú wọn nìkan ló ṣì le. Sùnmọ́nù ní wọn ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó rí ohun tó wà lábíyá mi, ó fajú ro. Ìyá rẹ̀ rí i pé ó fajú ro, wọ́n sì béèrè ohun tí mo mú dání. Mo fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn mi. Wọ́n tún un béèrè, lọ́dọ̀ ọmọ wọn lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni Sùnmọ́nù ò lè purọ́ fún wọn. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: odò, lékèélékèé, ààlọ́ tí mo ké, oòrùn tó wà láàárín orí.

Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà tí màá gbà sá jáde tí wọ́n bá gbé mi ṣépè. Ẹ̀yin ìyá mi, ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, Ìyá Ṣàngóbùnmi sì di wọ́n mú. Nígbà tí ikọ́ dáwọ́ dúró, wọ́n ní àṣé ìtàn kan wà tó fẹ́ pa àwọn, tí gbogbo Ẹdẹ sì ti gbọ́ ọ, tó wá jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ pa nìkan ni kò gbọ́ ọ? Wọ́n ní tí àwọn bá dé ọ̀run, tí ọkọ àwọn bá béèrè ohun tó pa àwọn, kí ni kí àwọn sọ? Ṣé kí àwọn ní àwọn ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni? Wọ́n ní kí n jókòó, kí n kà á.

Sùnmọ́nù dìde, ó dúró síwájú mi. Ó ní kì í ṣe nínú ilé ìyá òun, kì í ṣe lójú oòrùn yìí.  Ó ní ìyá kan ṣoṣo ni òun ní, kì í ṣe ohun tí òun lè fi dán nǹkan wò. Mo ti ń há ìwé náà padà sábíyá, nítorí mo rí i pé ẹ̀rù bà á dénú egungun. Ìyá Sùnmọ́nù ní tí a bá gbé ìwé náà jáde láìkà á, àwọn á kú lójú ẹsẹ̀ láti fi bí ọmọ àwọn nínú.

Ìyá Ṣàngóbùnmi ló gbà wá. Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹní dí fèrèsé, wọ́n fi aṣọ dí ihò tó wà lókè. Wọ́n tan fìtílà. Wọ́n wá padà jókòó, wọ́n kí gbogbo wa pé ẹ kú alẹ́ o. A dáhùn pé ẹ kú alẹ́. Adìyẹ kan tó wà nínú iyàrá náà gbà gbọ́, ó fò sórí àpótí, ó sùn. Bàbá Ràjí nìkan ni kò gbà. Wọ́n ní àwọn ò tíì kírun Àsárì, àwọn ò lè purọ́ àkókò mọ́ Ọlọ́run, nítorí náà ẹ kú ìjókòó ni àwọn máa kí wa. Sùnmọ́nù wo fìtílà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo adìyẹ tó ń sùn. Nígbà tó yá, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́.

Mo kà á dé ibi òkè tó ń gba owó ibodè. Òkè náà kì í gba owó ẹyọ, kì í gba ẹ̀wù. Ohun kan tí o rántí tí o sì fẹ́ràn ni wàá fún un, láti ìgbà náà lọ o ò ní rántí rẹ̀ mọ́. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí oníkálukú máa fi sílẹ̀. Bàbá Ràjí ní àwọn á fún un ní ìrántí ìyà tí wọ́n jẹ nígbà ogun. Mo ní òkè ò gba ìyà, ohun tí èèyàn fẹ́ràn ló ń gbà. Wọ́n ní a jẹ́ pé olè ni òkè náà. Mojí fún un ní orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó sì kọjá. Nígbà tó dé òdìkejì, ó mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò lára òun, kò kàn mọ ohun tó jẹ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Sùnmọ́nù ti sunkún. Wọ́n ní kí n dúró, kí n má tíì ṣí ewé yẹn. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n kọ orin kan sí i létí, ohùn wọn kéré débi pé a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n ni Sùnmọ́nù o, ṣùgbọ́n ó gbórí lé itan ìyá rẹ̀ níwájú wa, kò tijú. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Sùnmọ́nù nu ojú wọn, wọ́n sì ní ṣé kò sẹ́ni tó lè fún àwọn ní ẹ̀kọ gbígbóná nínú ilé yìí ni, àbí ìtàn la fẹ́ fi bọ́ àwọn. Sùnmọ́nù sáré débi pé ó tẹ ìrù adìyẹ mọ́lẹ̀.

Mi ò sọ pé ìwé ló wò wọ́n sàn. Wọ́n ń mu àgbo, Bàbá Ràjí ń ṣe àdúà fún wọn, Ìyá Ṣàngóbùnmi náà sì ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a bá dé, wọ́n á ti sún ẹní wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà láti máa retí wa, wọn á sì ti jẹun kí wọ́n má bàa sùn lọ nídìí ìtàn. A ń ti ilẹ̀kùn, a ń tan fìtílà, a ń kí ara wa kú alẹ́. Sùnmọ́nù sì ti padà ń bá mi jà lórí aṣọ Mojí.

Nígbà tó ku orí kan ṣoṣo kí ìwé parí, Sùnmọ́nù fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní kí n má kà á. Ó ní kí a sọ fún ìyá òun pé a ò ní lè wá sí Alájùé mọ́, tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ òpin ìtàn, kí wọ́n wá gbọ́ ọ lábẹ́ àtíbàbà ní Ẹdẹ. Mo ní ìkà ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìkà ni, kí n bá òun ṣe é. A sọ fún wọn. Èébú tí Ìyá Sùnmọ́nù bú wa lọ́jọ́ náà, ìwé ìròyìn ò ní gbà á. Wọ́n lé wa tàdìyẹtàdìyẹ jáde nílé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo rí èrò lábẹ́ àtíbàbà Sùnmọ́nù. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sórí àga Bàbá Ràjí, ọ̀pá wà láàárín orúnkún wọn, eruku ọ̀nà wà lẹ́sẹ̀ wọn dé ìdajì ojúgun. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn láti Alájùé. Wọ́n ní kí n yé wo àwọn bí ẹni tó rí iwin, kí n lọ gbé ìwé jáde. Oòrùn wà láàárín orí, kò sí ilẹ̀kùn tí a lè tì. Mo wo ojú Ìyá Ṣàngóbùnmi. Wọ́n ní ẹni tó ti kọ̀ láti kú fún odidi oṣù kan nítorí kó lè gbọ́ òpin ìtàn, ta ló fẹ́ fi oòrùn dẹ́rù bà á. Mo kà á tán lójú ọ̀sán gangan, níwájú gbogbo ayé.

Mo pa ìwé dé. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà, mo sì mọ̀ pé ìtàn náà dáa. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, Ìyá Sùnmọ́nù pè mí sún mọ́ wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n súre fún mi, wọ́n wá bi mí pé ta ló ń ka ìtàn fún ìyá tèmi. Mo ní Abẹ́òkúta lẹ wà, ọ̀nà jìn. Wọ́n ní àwọn ò béèrè ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn béèrè ẹni tó ń kà á fún wọn.  Mo ti ka ìtàn náà fún Ìyá Ṣàngóbùnmi àti ìyá ọ̀rẹ́ mi, ìyá tó bí mi nìkan ló kù tí n kò kà á fún.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó sì ní tí èkùrọ́ bá ti dínkù díẹ̀, kí n lọ kí ilé. Mò ń bọ̀, ìwé náà yóò wà lábíyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ìtàn dé. Mojí rí odò náà nígbẹ̀yìn. Ó bá a níbi tó ká ara rẹ̀ jọ sí nínú ihò ńlá kan, ó ń sùn. Ó jí i. Odò náà ṣí ojú, ó wò ó, ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ní tó bá lè dáhùn rẹ̀, òun á bá a lọ sílé. Mi ò ní sọ ìbéèrè náà. Mi ò ní sọ ohun tí Mojí fi dáhùn. Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi ní Èkó pé kò gbọdọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á fún yín. Ẹ máa jẹun dáadáa. Ẹ máa fi òrí ra orúnkún yín. Ẹ tọ́jú ara yín títí màá fi dé, torí ẹnu mi nìkan lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Ẹ ò ní ṣàìsàn, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹni tó ń wo ọ̀nà á rí ẹni tó ń wò ó fún. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àti èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n ò mọ̀. Ìyá Sùnmọ́nù ní kí n kí yín dáadáa, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé òpin rẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń dúró dè.

Èmi ni Débọ̀, ọmọ yín.